MPD ní búkà Àǹtí mi ní Kàbà

Ọ̀kun o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti ń ká mi lára tipẹ́, torí gbogbo ibi téèyàn bá ti wá bí wọ́n ṣe ń tò MPD, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ orin, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan náà ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, ọkùnrin kan tó jókòó sórí àga tìmùtìmù láàárín sípíkà méjì, ilé dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí ẹni tó ń gúnyán lẹ́yìnkùlé, ó wá ń tẹ́tí wò bóyá ohùn dùùrù mọ́ tó. Ó dáa fún un o, kó máa gbádùn ara ẹ̀.

Búkà Àǹtí mi ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bá títì ni, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja àtèyí tó ń lọ sí Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ á máa fọn fèrè kọjá, fáànù ń yí, odó ń dún lẹ́yìn, àwọn oníbàárà ń jiyàn bọ́ọ̀lù, tí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò á gbà á. Orin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ṣá, àmọ́ kò gbọdọ̀ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ pé orin kan á rọra máa lọ kí èyí tó tẹ̀ lé e wá bú jáde débi tí ẹni tó ń bu òkèlè á fẹ́ẹ̀ da ọbẹ̀ sára. Nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ní kí olóhùn mímọ́ inú pálọ̀ yẹn ṣe, tí a bá ṣe é ní búkà, àṣedànù ni, òmíràn tiẹ̀ máa bà á jẹ́. Mo fẹ́ sọ èyí tí mo mú àtèyí tí mo fi sílẹ̀, kí ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé ìgẹrun tó fẹ́ ṣe irú ẹ̀ lè mọ ìdí tí ìlà kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀.

Ẹni tí ò bá mọ MPD, Music Player Daemon lódindi orúkọ ẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà kan ni tí kò lójú, kò sí nǹkan kan tẹ́ ẹ máa rí tẹ́ ẹ bá tàn án, ó kàn jókòó sábẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn fáìlì orin, ó ń retí kí ẹnì kan pàṣẹ fún un láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, port 6600, ìyẹn ẹnu ọ̀nà ẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló ti ń gbọ́ àṣẹ. Fóònù yín á ní app kan, M.A.L.P. lèmi ń lò lórí Android, ẹ tẹ orin tẹ́ ẹ fẹ́, MPD á kọ ọ́ jáde láti inú káàdì ohùn tó wà lára ẹ̀rọ tiẹ̀. Ohùn ò gba inú fóònù kọjá rárá, ìdí nìyẹn tí ìpè fi lè wọlé kí orin má dúró, Àǹtí sì lè gbé fóònù lọ sọ́jà kí búkà ṣì máa kọrin nílé. Warren Dukes ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2003, Max Kellermann ló ti ń tọ́jú ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, òun náà lẹni tó rí Dirty Pipe, àlàfo burúkú inú Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) tí gbogbo ayé ń pariwo ní 2022, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kì í ṣe ọmọ àná ló wà nídìí ẹ̀. Èyí tó wù mí jù ni pé kì í jẹ dátà. Rọ́tà kan tí kò ní sím kankan nínú ló so fóònù àti ẹ̀rọ pọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìta lè sọnù látàárọ̀ dalẹ́, orin ò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Raspberry Pi 3 àlòkù, kọ̀ǹpútà kékeré kan, ló wà nídìí tiwa, lẹ́yìn káńtà, orin wà lórí fláàṣì. Pi yẹn ní ihò ìyáfóònù (earphone) lára, ẹ má lò ó. Kò sí ẹ̀yà gidi tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn níbẹ̀, ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní PWM ni wọ́n fi ń dọ́gbọ́n sí i, wọ́n á máa tan iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí wọ́n máa pa á kó lè jọ ohùn, tí orin bá ti lọ sílẹ̀ báyìí ẹ máa gbọ́ ṣíì-ṣíì lábẹ́ ẹ̀. Raspberry Pi 5 tiẹ̀ ti yọ ihò náà kúrò pátápátá. Ẹ ra káàdì ohùn USB kékeré lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan fóònù, kódà èyí tí ò wọ́n yẹn dáa ju ihò yẹn lọ. Wáyà á gba ibẹ̀ lọ sínú ańpù, ańpù á gbé e fún sípíkà méjì, ọ̀kan níwájú níbi tí àwọn tó ń jẹun wà, ìkejì lẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn tó ń gúnyán.

Tẹ́ ẹ bá ti ki USB náà bọ Pi, ẹ kọ aplay -l sínú terminal, ibi tí Pi ti ń gba àṣẹ, á to àwọn káàdì ohùn sílẹ̀, card 0, card 1, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ibí ni gbogbo wọn ti máa ń ní kẹ́ ẹ kọ hw:1,0 sínú mpd.conf (fáìlì tí a ti ń tò MPD), ìyẹn nọ́ńbà káàdì àti nọ́ńbà ẹ̀yà tó wà lórí ẹ̀. Ó máa ṣiṣẹ́ o. Ó máa ṣiṣẹ́ títí wọ́n á fi mú iná lọ. Tí iná bá dé tí Pi jí, USB ló lè kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ yẹn kó tó rí ti HDMI (ihò tẹlifíṣọ̀n), káàdì tó jẹ́ 1 lánàá á wá di 0, MPD á sì máa da gbogbo orin sínú HDMI tí kò sí tẹlifíṣọ̀n kankan nídìí ẹ̀. Lórí fóònù, ẹ máa rí i pé orin ń lọ, ìṣẹ́jú ń kà, orúkọ orin ń yí, ṣùgbọ́n búkà dákẹ́. Ẹni tí ò bá mọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ańpù.

Nọ́ńbà ló ń yí, orúkọ kì í yí. Ẹ kọ cat /proc/asound/cards, ẹ wo orúkọ tó wà nínú àkámọ́ onígun, ti èyí tí mo rà kàn ń jẹ́ Device, orúkọ tí ò nítumọ̀ rárá, àmọ́ kò níyọnu. Òun ni kẹ́ ẹ lò:

audio_output {
    type "alsa"
    name "Buka"
    device "hw:CARD=Device,DEV=0"
    mixer_type "software"
}

Tí log, ibi tí MPD ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, bá ń sọ pé Permission denied (wọn ò gbà á láyè), ẹ fi mpd sínú ẹgbẹ́ audio pẹ̀lú usermod -aG audio mpd, kẹ́ ẹ tún un tàn. Ìyẹn ò gba àròyé.

Ó kù, ọ̀rọ̀ 44100. Orí ẹ̀ ni àwọn olóhùn mímọ́ ti máa ń bá ara wọn jà. Orin tó ti inú CD wá, ìgbà 44100 ni wọ́n wọn ohùn ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀pọ̀ MP3 náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kàn fi "default" sílẹ̀ tí dmix, ẹ̀yà tó ń da ohùn pọ̀ nínú ALSA (apá Linux tó ń bójú tó ohùn), wà lójú ọ̀nà, 48000 ni ìyẹn máa ń fẹ́, á bá yín sọ gbogbo orin di 48000 kó tó gbé e jáde. Tẹ́ ẹ bá lo hw báyìí, orin á lọ ní bó ṣe wà, ìyẹn bí káàdì bá gbà á. Ẹ lè wò ó fúnra yín, kí orin máa lọ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ kọ cat /proc/asound/Device/pcm0p/sub0/hw_params, á sọ rate (iye ìgbà tí wọ́n wọn ohùn yẹn) àti format tó ń lò ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an fún yín, tí orin ò bá lọ, closed lásán ni ẹ máa rí. Stream0 tó wà nínú fódà káàdì yẹn náà á sọ gbogbo rate tí káàdì USB náà lè gbà. Mo fẹ́ràn kí n máa wò ó torí mo fẹ́ mọ ohun tó ń lọ. Àmọ́ kí n má parọ́, nínú búkà, pẹ̀lú fáànù àti odó, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín 44100 àti 48000, ẹni tó bá ní òun gbọ́ ọ, ẹ ní kó wá jókòó síbi tí wọ́n ti ń gúnyán kó tún un sọ.

Ohun tí gbogbo èèyàn gbọ́, tí ò sí nínú ìtọ́sọ́nà kankan, ni ti sípíkà méjì tí wọn ò sí nínú yàrá kan náà. Àǹtí ló kọ́kọ́ pè mí sí i. Ẹ̀yìn ló wà, ó ń yọ iyán nínú odó, ó ké sí mi:

"Ọmọ yìí, ọkùnrin yìí ò ní kọrin ni? Gìtá ló ń ta látẹ̀ẹ̀kan."

"Àǹtí, ó ń kọ ọ́ o. Iwájú ló ti ń kọ ọ́."

"Iwájú wo? Ta ló ra ẹ̀rọ? Ẹ̀yìn lèmi wà. Jẹ́ kó wá kọ ọ́ níbí."

Òótọ́ ló sọ. Orin stẹ́rió, apá òsì àti apá ọ̀tún ò dọ́gba, nínú àwọn àwo àtijọ́ sì rèé, wọ́n lè kó ohùn olórin sápá kan pátápátá kí wọ́n kó ìlù àti gìtá sápá kejì. Ẹni tó jókòó sáàárín méjèèjì ló máa gbọ́ orin tó pé. Ní búkà, àwọn tó wà níwájú ń gbọ́ olórin tí kò ní onílù, àwọn tó wà lẹ́yìn ń gbọ́ onílù tí kò ní olórin. Kí ohùn mọ́ títí dé ibi tó ń mọ́ dé, kò lè tún ìyẹn ṣe, ńṣe ni kẹ́ ẹ da apá méjèèjì pọ̀ kí sípíkà kọ̀ọ̀kan máa kọ odindi orin. ALSA ló máa ṣe é, nínú fáìlì tó ń jẹ́ /etc/asound.conf:

pcm.buka {
    type plug
    slave.pcm "hw:CARD=Device,DEV=0"
    slave.channels 2
    ttable.0.0 0.5
    ttable.0.1 0.5
    ttable.1.0 0.5
    ttable.1.1 0.5
}

Nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́yìn ttable, àkọ́kọ́ ni apá tó ń wọlé, ìkejì ni apá tó ń jáde. 0 ni òsì, 1 ni ọ̀tún. Nítorí náà ìlà mẹ́rin yẹn ń sọ pé ìdajì òsì kó lọ sí òsì, ìdajì òsì kó lọ sí ọ̀tún, ìdajì ọ̀tún kó lọ sí òsì, ìdajì ọ̀tún kó lọ sí ọ̀tún. Ìdí tó fi jẹ́ ìdajì ni pé tẹ́ ẹ bá kó méjèèjì pọ̀ lódindi, ibi tí ohùn bá ti ròkè jù á kọjá ibi tí nọ́ńbà lè gbà, ẹ máa gbọ́ ọ tó ń ya gbàràgbàrà. Lẹ́yìn náà ẹ padà sínú mpd.conf, ẹ fi device "buka" rọ́pò hw tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ tún MPD tàn. Àwọn olóhùn mímọ́ á ní mo ti ba stẹ́rió jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo bà á jẹ́, Àǹtí sì ń gbọ́ olórin lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ tó tún pọ̀ jùyẹn ni ti orin tó ń pariwo àtèyí tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Orin tó wà lórí fláàṣì yẹn, ẹ ò lè mọ ìyá mọ bàbá ẹ̀. Bàbá Tíṣà, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì tó máa ń wá jẹ iyán lọ́dọ̀ wa, kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wá, jùjú, orin ìbílẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi ayẹyẹ, mo fi Audacity gbà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, ohùn wọn rọlẹ̀, ariwo tẹ́ẹ̀pù wà lábẹ́ wọn. Orin ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Àwọn orin tuntun táwọn ọmọ kó wá láti orí fóònù wà níbẹ̀, tiwọn ni wọ́n ti tẹ̀ mọ́ òkè àjà látilé, kò síbi tó rọlẹ̀ nínú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí kásẹ́ẹ̀tì Bàbá bá ń lọ, ẹnì kan á ní kí wọ́n gbé e sókè díẹ̀, wọ́n á gbé e sókè, tí orin tuntun bá wá tẹ̀ lé e, gbogbo ilé á fò.

ReplayGain ni oògùn ẹ̀. Ètò kan á gbọ́ gbogbo orin látòkè délẹ̀, á mọ bó ṣe ń ròkè sí létí èèyàn, á wá kọ nọ́ńbà kan sára fáìlì náà, bóyá kí wọ́n rẹ èyí sílẹ̀ ní 9 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè sí), kí wọ́n gbé ìyẹn sókè ní 4 dB. Ó dà bí ìgbà tí oníṣòwò kọ iye kílò sára àpò ìrẹsì, ìrẹsì inú àpò ò yí padà, ẹni tó fẹ́ gbé e ló máa mọ bó ṣe máa múra. MPD ló fẹ́ gbé e, á ka nọ́ńbà náà, á sì gbé fọ́lúùmù orin yẹn sókè tàbí sílẹ̀ nígbà tó bá ń kọ ọ́. Èmi ń lo rsgain, ẹ kàn kọ rsgain easy pẹ̀lú ibi tí orin wà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lọ, tí orin bá pọ̀ á pẹ́ díẹ̀. -18 LUFS, ìwọ̀n bí orin ṣe ròkè sí létí èèyàn, ló ń fi gbogbo wọn sí, ìwọ̀n tí ReplayGain 2.0 ń lò nìyẹn. Ẹ má gbàgbé mpc update lẹ́yìn ẹ̀, mpc ni ètò kékeré tí a fi ń pàṣẹ fún MPD láti inú terminal, update ni pé kó tún àwọn fáìlì orin kà.

Nínú mpd.conf:

replaygain "track"
replaygain_missing_preamp "-6"
replaygain_limit "yes"

Track àti album, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí méjèèjì. Album máa ń fi ìwọ̀n kan náà fún gbogbo orin tó wà nínú àwo kan, kí èyí tí olórin fẹ́ kó rọlẹ̀ nínú àwo yẹn lè rọlẹ̀ bó ṣe fẹ́. Òun ni ọkùnrin inú pálọ̀ fẹ́, ó sì tọ́ fún un. Ní búkà a kì í kọ àwo láti orin àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, orin kan níbí, orin kan lọ́hùn-ún, track ni tiwa. Auto náà wà, á lo track tí random (kí orin máa lọ láìtẹ̀ lé ètò) bá wà lórí, á sì lo album tí ò bá sí, ẹni tó bá ń ṣe méjèèjì lè mú un. Missing_preamp yẹn wà fún orin tí rsgain kò tí ì gbọ́, irú èyí táwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sórí fláàṣì láàárọ̀, torí àwọn yẹn ló máa ń pariwo jù, mo rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ látilẹ̀. Limit ni kò ní jẹ́ kí orin tí wọ́n gbé sókè ya.

Ẹ máa rí volume_normalization náà nínú fáìlì yẹn, ó sì máa wù yín, torí orúkọ ẹ̀ jọ ohun tẹ́ ẹ ń wá. Mi ò fẹ́ ẹ. Ìyẹn ò gbọ́ orin tán kó tó ṣe ìpinnu, bí orin ṣe ń lọ ló ń gbé e sókè gbé e sílẹ̀, tí gángan bá fẹ́ sọ̀rọ̀ tó dákẹ́ díẹ̀ kó tó sọ ọ́, á gbé ìdákẹ́ yẹn sókè, ariwo tẹ́ẹ̀pù inú kásẹ́ẹ̀tì Bàbá á wú jáde ṣííí, tí ìlù bá wá dún á tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójijì. Kò ní jẹ́ kí orin mí dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ti ní ReplayGain, ẹ fi "no" síwájú ẹ̀.

Fọ́lúùmù fúnra ẹ̀ wá ńkọ́. MPD ní mixer_type hardware, software, null àti none. Hardware ni pé káàdì ohùn ló máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ máa kọ amixer -c Device scontrols láti mọ orúkọ tí káàdì yín fún un, ó lè jẹ́ PCM, ó lè jẹ́ Speaker, orúkọ yẹn lẹ máa fi sí mixer_control. Software ni pé MPD ló máa fi ìṣirò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. None ni pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án láti orí fóònù. Àwọn olóhùn mímọ́ kórìíra software, wọ́n ní gbogbo 6 dB tẹ́ ẹ bá rẹ̀ sílẹ̀, bit kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn 0 àti 1 tí wọ́n fi kọ ìwọ̀n ohùn, ti lọ nínú 16 tẹ́ ẹ ní. Ìṣirò yẹn tọ̀nà. Àmọ́ ẹ ronú sí i, ariwo búkà nìkan ti bo àwọn bit ìsàlẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ pátápátá, kí lèmi fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ohun tí mo fẹ́ ni kí Àǹtí lè tẹ fóònù kí orin rẹlẹ̀ nígbà tí àgbàlagbà kan bá wọlé tàbí tí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà sórí oúnjẹ. Káàdì wa ní hardware, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé e dé ìdajì lórí fóònù ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún mọ́, gbogbo ohun tó wúlò kóra jọ sí òkè pátá. Software rọra ń lọ sílẹ̀ dáadáa, òun ni mo mú.

Kí ọwọ́ má bàa pọ̀ jù lórí fọ́lúùmù, ẹ ṣí alsamixer, ẹ gbé káàdì lọ sí 0 dB kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ kọ alsactl store kó má gbàgbé. Ẹ gbé MPD dé 100, ẹ wá yí ańpù títí dé ibi tí orin bá ti pariwo tó bẹ́ ẹ ṣe lè gbà láéláé lọ́jọ́ tí èrò pọ̀ jù. Ẹ fi bébà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Látọjọ́ yẹn lọ, fóònù nìkan ló kù tó ń yí nǹkan, kò sì sẹ́ni tó lè fi fóònù ba sípíkà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ pà, pà, tàbí tí orin ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó lọ fọwọ́ kan audio_buffer_size inú mpd.conf, ẹ kọ vcgencmd get_throttled. Tó bá dáhùn 0x0, iná tó ń wọ Pi dáa. Tẹ́ ẹ bá rí 0x50005, iná tó ń wọlé ò tó, ó kéré báyìí ó sì ti kéré tẹ́lẹ̀, Pi sì ti ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn nítorí ẹ̀. Ṣájà fóònù lásán tàbí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló sábà máa ń fà á, ẹ pààrọ̀ ìyẹn kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ètò kankan. A gbé tiwa sórí bátìrì kékeré kan, tí wọ́n bá mú iná, Pi ò ní kú lẹ́ẹ̀kan náà, ańpù nìkan ló ń kú.

Nígbà tí bátìrì náà bá sì tán, state_file ló ń rántí ibi tí a wà, orin tó wà lórí ìlà, ibi tí orin dé, bí fọ́lúùmù ṣe wà. MPD máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì méjì tẹ́ ẹ bá fi bó ṣe wà sílẹ̀. Ẹ fi restore_paused "yes" kún un o, mo bẹ̀ yín. Tí ẹ ò bá ṣe é, iná lè dé láàárín òru, kí Pi jí, kí ańpù jí, kí jùjú bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dúró nígbà tí gbogbo àdúgbò ń sùn.

Àwọn oníbàárà náà fẹ́ fi ọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá ti wọ Wáìfáì yẹn tí wọ́n ní app, kò sí nǹkan tó ń dá wọn dúró láti pa orin àgbàlagbà kí wọ́n tan tiwọn. Bàbá Tíṣà ń jẹun lọ́jọ́ kan, kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ń lọ, ó ṣàdédé di hip-hop. Ó gbójú sókè, ó wo àwọn ọmọ tó jókòó sí tábìlì kejì.

"Ẹ̀yin ọmọ, ṣé orin tèmi ṣẹ̀ yín ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ má bínú, sà. A rò pé ó ti parí ni."

"Ó ti parí? Onílù ò tíì kí ẹnikẹ́ni tán."

Ìlà méjì ló tún un ṣe:

password "oroasiri@read,add,control,admin"
default_permissions "read,add"

Ẹ fi ọ̀rọ̀ àṣírí tiyín síbi oroasiri o. Ẹni tí ò bá ní pásíwọ́ọ̀dù lè wo orin tó wà nílẹ̀, ó sì lè fi orin tó wù ú sẹ́yìn ìlà, ṣùgbọ́n kò lè dá èyí tó ń lọ dúró, kò lè fọwọ́ kan fọ́lúùmù. Àwọn ọmọ gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi tiwọn sílẹ̀, wọ́n á dúró kó kàn wọ́n, wọ́n sì máa ń ra mineral sí i tí wọ́n bá ń dúró, Àǹtí ló sọ ìyẹn, èmi kọ́.

Èyí tó kù ò pọ̀. Mpc crossfade 3 máa ń jẹ́ kí ìparí orin kan wọ ìbẹ̀rẹ̀ ìkejì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó dáa fún búkà torí ìdákẹ́ tó wà láàárín orin ni àwọn èèyàn fi ń mọ̀ pé iná ti lọ, wọ́n á gbójú sókè. Ṣùgbọ́n orin méjèèjì gbọ́dọ̀ ní rate àti bit kan náà, tí ọ̀kan bá jẹ́ 44100 tí ìkejì jẹ́ 48000, kò ní ṣe é. Audio_output_format "44100:16:2" ló ń sọ gbogbo wọn di ọ̀kan náà, ó sì wà nínú tiwa.

Àǹtí tún fẹ́ máa gbọ́ orin búkà nínú ilé tó wà lẹ́yìn, nígbà tó bá lọ nà sílẹ̀ lọ́sàn-án. Audio_output kejì ni ìyẹn, type "httpd", encoder "lame", port "8000", bitrate "128", pẹ̀lú always_on "yes" kí ó má máa já a sílẹ̀ nígbà tí orin bá dúró. Fóònù á ṣí àdírẹ́ẹ̀sì Pi pẹ̀lú :8000, orin á bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń fi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan pẹ́ ju ti sípíkà lọ, nítorí náà ẹ má tan méjèèjì níbi tí etí kan náà á ti gbọ́ wọn. Ó sì dáa bẹ́ ẹ bá kọ mpc outputs lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti wo èyí tó wà lórí, torí Àǹtí máa ń rò pé òun ń pa ti inú ilé, ti búkà ni yóò pa, a óò wá máa gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ẹ̀yìn, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú, ṣé ẹ ti sùn ni?"